Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Tí Ń Wa Ọkọ̀: Iná Iwájú Tí A Kò Pa Àti Bátìrì Tí Ó Kú

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀wò lónìí jẹ́ ti àwọn tí ń wa ọkọ̀ àti ti àwọn tí ń wọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dàbí ọ̀rọ̀ kékeré: ènìyàn gbé ọkọ̀ rẹ̀ sí ìta, ó gbàgbé iná iwájú, ilẹ̀ mọ́, ọkọ̀ kọ̀, kò dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kékeré yìí a máa di ìjà láàárín ará méjì. A máa mú kí aláìsàn pẹ́ kí ó tó dé ilé ìwòsàn. A sì máa fọ́ ojú ẹni tí ó bá fi àìmọ̀ tún un ṣe. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú àpótí tí à ń pè ní bátìrì, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ó ṣe, kí ẹ má sì di ẹ̀bi ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

1. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé awakọ̀ kan kó èrò láti Kétu, ó gba Pobẹ̀, ó gba Sákété, ó ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́ fún ìṣọ́ òru. Ilẹ̀ ti ṣú kí wọ́n tó dé, iná iwájú ọkọ̀ sì ń tàn. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àdúrà ní agogo 8 alẹ́. Ojúde náà mọ́lẹ̀ nítorí gílóòbù ńlá tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì rí i pé iná ọkọ̀ òun ṣì wà lára ògiri. Èrò ń sọ̀, wọ́n ń sọ ẹrù, ọmọdé ń sunkún, ẹnìkan ń béèrè ṣẹ́ńjì rẹ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó wọlé. Agogo 5 ìdájí, ó jáde, ó yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ dún "tà" lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Kí ni yóò kọ́kọ́ wí? Bí òun àti awakọ̀ mìíràn bá ti jọ fa ọ̀rọ̀ ní ibùdókọ̀ lánàá, kò ní pẹ́ tí yóò fi ní, "Ẹ ò rí i bí? Ó ti ṣe ohun tó ní òun á ṣe!" Àwọn tí ó dúró tì í á mi orí, wọ́n á ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí oòrùn tó yọ, orúkọ ẹnìkan ti bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀, bọ́tìnnì iná wà níbẹ̀ nítòsí ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó ṣì wà ní ibi tí wọ́n fi tàn án sí.

A kò sọ pé kò sí ọ̀tá láyé. Ohun tí à ń wí ni pé kí á kọ́kọ́ wo bọ́tìnnì kí á tó wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ kíyèsí i o: nígbà tí bátìrì bá ti kú tán, iná náà kò ní tàn mọ́. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Wọ́n á ní, "Iná mi ò tàn, mo ti pa á." Rárá. Bọ́tìnnì ni kí ẹ wò, ẹ má wo gílóòbù.

Ojú ọ̀sán tún burú ju òru lọ. Ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku bo ọ̀nà ní òwúrọ̀, ènìyàn á tan iná kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lè rí i. Bákan náà ni bí òjò ńlá bá ká a mọ́ ojú ọ̀nà tó lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́. Nígbà tí yóò bá fi dé ibi tí ó ń lọ, oòrùn ti yọ gan-gan, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ti bo ti gílóòbù mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ kò rí i, ẹni tó ń kọjá náà kò fura.

2. Kí ni ó wà nínú bátìrì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bátìrì ni ó ń ṣe iná fún ọkọ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Amù omi ni ẹ fi í wé. Amù kì í sun omi fúnra rẹ̀, ohun tí a bá pọn sínú rẹ̀ ni a ń bù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì kan wà tí ó ń yí ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣe iná. Ẹ̀rọ náà ni ó ń bọ́ àwọn gílóòbù, ìyókù iná á sì wọ inú bátìrì. Bí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, ẹ̀rọ náà ti dúró nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, ohunkóhun tí ó bá ń tàn nínú ọkọ̀, inú amù ni ó ti ń bù, kò sì sí ẹni tí ń pọn sí i.

Ará Faransé kan tí à ń pè ní Gaston Planté ni ó ṣe irú bátìrì yìí jáde ní ọdún 1859. Ohun tí ó lò kò ju òjé àti omi tí ó ní ásíìdì imí ọjọ́ nínú. Títí di òní, òjé àti ásíìdì náà ni ó wà nínú bátìrì ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ wa. Yàrá 6 ni ó wà nínú bátìrì kan, yàrá kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bíi fóltì 2 wá, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ fóltì 12. Bí a ti ń fa iná jáde, ásíìdì inú omi ń wọ ara àwọn àwo òjé, omi náà sì ń di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí a bá dá iná padà sínú rẹ̀, ásíìdì á jáde kúrò lára òjé, omi á tún le. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi máa ń fi ìgò kékeré fa omi bátìrì wò: líle omi náà ni yóò sọ fún un bí iná tó kù ṣe tó.

Láyé àtijọ́, bí iná bá tán kò pa awakọ̀ lára púpọ̀, nítorí irin ni wọ́n ń tì bọ iwájú ọkọ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí yóò fi dáhùn. Irin náà a máa ta padà, ó sì ti kán ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, Charles Kettering ṣe ẹ̀rọ tí ń fi iná yí ẹ́ńjìnnì, ilé iṣẹ́ Cadillac sì fi í sínú ọkọ̀ wọn ti ọdún 1912. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ ọwọ́ ti di iṣẹ́ bátìrì. Bí bátìrì bá wá kú lónìí, kò sí irin níwájú ọkọ̀ mọ́.

3. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀

Áńpíà ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń ṣàn, bí ìgbà tí à ń wo bí omi ṣe ń yára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi. Gílóòbù iwájú tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ wáàtì 55. Ẹ pín 55 sí ọ̀nà 12, ẹ ó rí i pé ọ̀kan ń fa áńpíà 4 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Méjèèjì jẹ́ áńpíà 9. Àwọn iná kékeré iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti nọ́ńbà ọkọ̀ á sì fi bíi 2 kún un. Àpapọ̀ jẹ́ áńpíà 11.

Bátìrì ọkọ̀ kékeré, ẹ jẹ́ kí á sọ pé 45 ni wọ́n kọ sí i lára. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí a bá ń fa áńpíà 1, yóò tó wákàtí 45. Bí ó bá jẹ́ áńpíà 11, kò lè ju wákàtí 4 lọ. Bí a bá sì ń yára fà á, kì í tó iye tí wọ́n kọ sí i pàápàá. Awakọ̀ wa tó gbé ọkọ̀ sílẹ̀ ní agogo 8 alẹ́, tí kò jáde títí di agogo 5, wákàtí 9 ni ó fi sílẹ̀. Kí òru tó dá sí méjì, ohun tó wà nínú amù ti tán.

Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Kò dìgbà tí iná bá tán pátápátá kí ọkọ̀ tó kọ̀. Ẹ̀rọ tí ń yí ẹ́ńjìnnì a máa fẹ́ ju áńpíà 100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Nítorí náà wákàtí 2 péré ti tó láti dá ọkọ̀ dúró bí bátìrì náà bá ti gbó.

Iná kékeré tó wà lókè orí nínú ọkọ̀ ńkọ́? Wáàtì 5 ni irú rẹ̀, kò fà tó ìdajì áńpíà. Bí ìlẹ̀kùn kò bá sé dáadáa tí iná yẹn sùn ní títàn, bátìrì tó dára kò ní kú ní òru kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé ọkọ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, ẹ má retí kí ó dáhùn.

4. Bí a ó ṣe mọ̀ pé bátìrì ni

Ẹ fọn fèrè ọkọ̀. Bí ohùn rẹ̀ bá rọ̀ bíi ti ẹni tí ebi ń pa, tí iná iwájú pọ́n rẹ́súrẹ́sú tàbí kò tàn rárá, bátìrì ni. Bí fèrè bá dún ketekete, tí iná tàn dáadáa, ṣùgbọ́n tí ẹ́ńjìnnì kò yí, ẹ wo orí bátìrì: ó lè jẹ́ pé wáyà ti tú, tàbí ìpàdé funfun ti bo ẹnu rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí pẹ̀lú agbára ṣùgbọ́n tí kò gbiná, kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì mọ́. Ọ̀rọ̀ epo tàbí ti ìṣáná ni, ẹ pe mẹkáníìkì.

Ẹni tí ó bá ní ohun tí a fi ń wọn fóltì lè fi wò ó: bátìrì tó kún tó sì ti sinmi á fi nǹkan bíi 12.6 hàn. Bí ó bá fi 12 gééré hàn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ló kù nínú rẹ̀.

5. Ohun tí a ó ṣe

Èkínní, ẹ pa gbogbo iná àti rédíò. Ẹ dẹ́kun yíyí kọ́kọ́rọ́ lákọlékọ; gbogbo "tà, tà, tà" yẹn ń jẹ ìyókù tó wà nílẹ̀.

Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí à ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀, a lè tì í. Ẹni tó wà nídìí ọkọ̀ á ṣí kọ́kọ́rọ́, á tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, á fi jíà kejì sí i. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré dáadáa, kí ó jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn, kí ó tún tẹ̀ ẹ́ padà. Ọkọ̀ tí ń yí jíà fúnra rẹ̀ kò ṣeé tì báyìí. Bátìrì tí ó sì gbẹ pátápátá kò ní dáhùn bí a bá tì í dé Ìbàdàn, nítorí ó ṣì ń fẹ́ iná díẹ̀ láti fi ṣá epo.

Bí ọkọ̀ mìíràn bá wà nítòsí, a lè yá iná lára rẹ̀ pẹ̀lú wáyà nínípọn méjì, pupa àti dúdú. Kí ọkọ̀ méjèèjì jẹ́ fóltì 12. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ẹrù ńlá jẹ́ 24, ẹ má fi wọ́n ṣe é. Kí ara ọkọ̀ méjèèjì má kan ara wọn. Kí ẹ́ńjìnnì méjèèjì wà ní pípa. Ẹ tẹ̀lé e báyìí:

– Ẹ fi wáyà pupa kọ́ ẹnu bátìrì tó kú, níbi tí wọ́n kọ àmì ìròpọ̀ sí.
– Ẹ fi orí kejì wáyà pupa kọ́ àmì ìròpọ̀ ti bátìrì tó yè.
– Ẹ fi wáyà dúdú kọ́ àmì ìyọkúrò ti bátìrì tó yè.
– Ẹ fi orí kejì wáyà dúdú kọ́ irin gbígbẹ lára ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, kí ó jìnnà sí bátìrì.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tó yè ṣiṣẹ́ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ èkejì. Bí ó bá ti dáhùn, èyí tí ẹ fi kọ́ kẹ́yìn ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, kí ẹ sì máa bọ̀ sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí dé ti àkọ́kọ́.

6. Ẹ má ṣe gbé àbẹ́là súnmọ́ bátìrì

Níhìn-ín ni a fẹ́ kí gbogbo ilé fetí sí wa. Bátìrì a máa mí. Afẹ́fẹ́ kan ń jáde lára rẹ̀ tí ojú kò rí, háídírójìn ni wọ́n ń pè é, ó sì ń gbiná ju epo ọkọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ fi wáyà ìkẹyìn kọ́ ibi tó jìnnà, nítorí ibẹ̀ ni iná ti máa ń ta pàrà. Lẹ́yìn ìṣọ́ òru, àbẹ́là kì í wọ́n lọ́wọ́ ènìyàn. Bí ilẹ̀ bá ṣì ṣókùnkùn, tí a sì ṣí ojú ọkọ̀, ó rọrùn kí ènìyàn rere kan sáré gbé àbẹ́là wá pé kí wọ́n lè ríran. Ẹ dá a dúró! Bátìrì lè bú gbàù, kí ásíìdì inú rẹ̀ sì ta sí ojú gbogbo àwọn tó tẹ orí ba. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò. Kí ẹni tó ń mu sìgá náà lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Bí ásíìdì bá ta sí ojú ẹnikẹ́ni, ẹ má fi òróró sí i, ẹ má fi mílíìkì sí i. Omi mímọ́ púpọ̀ ni kí ẹ máa dà sí i, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró. Bí ó bá ta sí aṣọ funfun, ẹ tètè fi omi ṣàn án. Ẹ lè má rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá fọ̀ ọ́, ihò á yọ. Ẹ bọ́ aṣọ àdúrà kí ẹ tó fọwọ́ kan bátìrì, kí ẹ sì wọ bàtà.

7. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti dáhùn

Iṣẹ́ kò tíì parí. Ènìyàn á wakọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá dé ọjà, á pa á, á sì yà á lẹ́nu pé ó tún kọ̀. Amù tó gbẹ kì í fi ife omi kan kún. Ẹ wà á lọ sí ọ̀nà tó jìn, tàbí kí ẹ gbé bátìrì lọ fún àwọn tí ń fi iná kún un. Díẹ̀díẹ̀ ni ó dára kí wọ́n kún un: fún bátìrì 45, áńpíà 4 tàbí 5 fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́wàá.

Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta pé ẹ ó ṣe é bí owó bá dé. Ohun funfun tí ásíìdì fi sílẹ̀ lára òjé á le, kò sì ní yọ́ padà mọ́. Bátìrì tí ì bá tún lo ọdún kan sí i, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ti pa á. Bí omi rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ nítorí ooru ilẹ̀ wa, omi tí wọ́n sè fún bátìrì nìkan ni kí ẹ fi kún un. Omi kànga kò dára fún un, ásíìdì náà kọ́ sì ni ẹ ó dà sí i. Bí ó bá sì ti bàjẹ́ tán, ẹ má fọ́ ọ sí àgbàlá. Májèlé ni òjé, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

8. Bí a ṣe lè dènà rẹ̀

Bí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ má kọjú sí ẹnu ọ̀nà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ rìn yí iwájú ọkọ̀ ká, ẹ wo gílóòbù méjèèjì, ẹ wo ẹ̀yìn. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ń ti Yúróòpù wọ èbúté Kútọnu, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Láti ọdún 2011 ni wọ́n ti pàṣẹ lọ́hùn-ún pé kí ọkọ̀ tuntun máa tan iná ojú ọ̀sán fúnra rẹ̀, irú iná bẹ́ẹ̀ sì ń kú bí a bá pa ọkọ̀. Òmíràn á tàn fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a ti ìlẹ̀kùn, lẹ́yìn náà á pa ara rẹ̀. Òmíràn sì ń bẹ, pàápàá ọkọ̀ Jámánì, tó jẹ́ pé bí a bá yọ kọ́kọ́rọ́ tí a fi ọ̀pá ìyanà sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ tàbí lókè, iná kékeré ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo á máa tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ kọ́ ìwà ọkọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ tó kù, ti àwa tí a kò ní ọkọ̀ ni. Bí ẹ bá ń kọjá, tí ẹ rí ọkọ̀ tó dúró láìsí ènìyàn tí iná rẹ̀ ń tàn, ẹ má sọ pé kò kàn yín. Ẹ wo nọ́ńbà rẹ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó pè é síta. Bí olówó ọkọ̀ náà bá tilẹ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ kì í kí, ẹ sọ fún un. Ẹni tí a jí nítorí iná ọkọ̀ rẹ̀ ní agogo 9 alẹ́ kò ní wá ẹni tí yóò fẹ̀sùn kàn ní ìdájí.

Ìbéèrè fún àkọ́túnkọ́

1. Nígbà tí a bá ti pa ẹ́ńjìnnì, níbo ni iná iwájú ti ń rí agbára tí ó fi ń tàn?
2. Kí ló dé tí a fi ní kí ẹ wo bọ́tìnnì, kí ẹ má wo gílóòbù?
3. Bátìrì 60 ni ó wà nínú ọkọ̀ kan, áńpíà 11 ni iná rẹ̀ ń fà. Wákàtí mélòó ni ó lè tó?
4. Níbo ni a ń fi orí ìkẹyìn wáyà dúdú kọ́, kí sì ni ìdí rẹ̀?
5. Kí ni a kò gbọdọ̀ gbé súnmọ́ bátìrì, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ṣókùnkùn?
6. Kí ni ẹ ó ṣe bí ásíìdì bá ta sí ojú ọmọ yín?